BÍ IGUN BÁ ṢÍ, OWÓ TA NI WỌN Ó GÉ?

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ju àtàǹpàkò ọwọ́ lọ. Igun ọ̀rá aláwọ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ni, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní sítíkà. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Igun kékeré yìí ti ń gbé owó oṣù àwọn ènìyàn wa mì.

Ní àwọn ibi iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà, bí igun ọ̀rá bá ṣí lára ilẹ̀kùn tàbí bọ́ńpà lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ìwé ni wọn yóò kọ sí ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́. Wọn kò ní bi í ní ìbéèrè, wọn kò ní wo ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò rí i pé owó ọ̀rá ti kúrò nínú owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí, kí a mọ ibi tí ẹ̀bi ti ń wá, kí a sì mọ ohun tí òfin sọ.

BÍ Ọ̀RÁ ṢE GBA IPÒ KÚN

Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì àti kùn ni gbogbo rẹ̀. Àwọn pénítà ni wọ́n ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú bọ́lẹ̀kájà àti ẹ̀yìn mólúè, tí wọ́n ń ya ẹyẹ, kìnnìún àti òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dáńfó Èkó, kùn yẹ́lò ni a fi mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ìlà dúdú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lẹ ọ̀rá tí ó dà bí pákó mọ́ ara ọkọ̀. Irú Ford Country Squire tí ó ní pákó ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí di 1991 ni wọ́n ń ṣe é. Ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé kí takisí ní àwọ̀ bí eyín erin, àwọn onítakisí gbọ́n. Wọn a ra ọkọ̀ aláwọ̀ mìíràn, wọn a fi ọ̀rá aláwọ̀ eyín erin bò ó, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, wọn a ṣí ọ̀rá náà kúrò, kùn tí ó wà lábẹ́ a máa dán bí tuntun.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọ̀rá ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Èkó ní 2008, ojú wa ti mọ́ bọ́ọ̀sì tí ìpolówó ọjà bò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọ̀rá rọrùn fún olówó. Kò ní dúró de kùn kí ó gbẹ. Bí ìpolówó kan bá parí, yóò ṣí i kúrò, yóò lẹ òmíràn. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rá bá sì yí padà ni owó ń wọ àpò ilé-iṣẹ́. Kò burú. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó rí èrè. Ohun tí a ń sọ ni pé bí èrè bá dé tí a kò ké sí òṣìṣẹ́ wá jẹ nínú rẹ̀, kí a má ké sí i nígbà tí àdánù bá dé pé òun nìkan ni kí ó wá gbé e.

IGUN NI OGUN WÀ

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ka wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, níbi tí páànù ti tẹ́jú, ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè fi pátákó rọ́bà tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó má ní atẹ́gùn nínú. Igun ni ogun wà. Ibi tí páànù ti kọ́lọ, ibi tí ilẹ̀kùn ti pàdé òrùlé, orí bọ́ńpà, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ọ̀rá tí ó tẹ́ bí ẹní ti gbọ́dọ̀ di ohun tí ó rọ̀gbà yí nǹkan ká. Aṣọ tí ó bá ṣe báyìí, télọ̀ yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú dì í mú. Àwa kò ní abẹ́rẹ́. Gọ́ọ̀mù, ooru àti ọwọ́ nìkan ni a ní.

Ọ̀rá yìí ní ìwà kan tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀: kì í gbàgbé. Bí a bá fi ooru rọ̀ ọ́, tí a fà á yí igun ká, yóò dúró lójú wa bí ẹni pé ó ti gbà. Ṣùgbọ́n ó rántí bí ó ti rí kí a tó fà á. Oòrùn ọ̀sán ni yóò rán an létí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró nínú oòrùn ní Ọṣòdì fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá a bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ a ká sókè, eruku a wọlé, omi a tẹ̀ lé e, ó di kí ọmọdé fi èékánná ṣí i. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ igun pín sí, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù kò lè gbà á là.

Èkínní ni fífọ̀. Kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọkọ̀, kí ó gbẹ, kí a sì fi sípírítì àti aṣọ mímọ́ nu etí àti ẹ̀yìn etí, níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé. Epo, gírísì, àti èyíkéyìí nínú ohun ìdán ọkọ̀ tí wọ́n ti fi pa á tẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù di nǹkan mú. Bí ó bá jẹ́ kùn tuntun, a ní láti dúró títí tí yóò fi gbẹ dé inú, bí ìwé ẹni tí ó ṣe kùn náà ti wí. Kùn tí kò tíì gbẹ tán ṣì ń mí; èémí yẹn ni yóò gbé ọ̀rá sókè bí ìléròrò.

Èkejì ni títẹ́. Kí a má fa ọ̀rá lọ sí igun. Kí a tẹ̀ ẹ́ láti àárín wá sí etí, kí a mú un láti ìhà méjèèjì kí fífà náà lè pín dọ́gba, kí a fún un ní ooru díẹ̀, kí ó rọ̀ wọ ibi tí a fẹ́. Bí ó bá wé, kí a má fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a gbé e sókè, kí a fi ooru sí i títí tí ìwé náà yóò fi tú fúnra rẹ̀, kí a tó tún un tẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ti pa ẹ̀bi mọ́ ni, kò pa á run.

Ẹ̀kẹta ni gígé. Níbi tí àyè wà, kí a jẹ́ kí etí ọ̀rá yí wọ ẹ̀yìn páànù. Níbi tí kò sí àyè, kí a gé e kí ó dúró díẹ̀ sí inú, kí ó má gbé orí etí gan-an. Kí a yí ṣóńṣó igun ọ̀rá kí ó róbótó, nítorí ṣóńṣó ni ó kọ́kọ́ máa ń ká. Kí bíléèdì jẹ́ tuntun, kí ọwọ́ sì fúyẹ́. Bíléèdì tí ó bá la ọ̀rá kọjá tí ó la kùn dé irin ti ṣílẹ̀kùn fún ìpẹtà, ìpẹtà a sì máa jẹun lábẹ́ ọ̀rá níbi tí ojú kò tó o.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí a sábà máa ń fò nítorí ìkánjú, ni ooru ìkẹyìn. Gbogbo ibi tí a bá ti fa ọ̀rá, kí a fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná mú un gbóná dé ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé nǹkan bí 90 sí 110 Celsius. Ooru yìí ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rá gbàgbé bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a tún tẹ̀ ẹ́, kí ọkọ̀ sì sinmi kí ẹnikẹ́ni tó fi omi fọ̀ ọ́.

ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍBẸ̀ NÍGBÀ TÍ WỌ́N Ń PÍN Ẹ̀BI

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a béèrè: nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ni ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nìkan? Bí fóomàn bá ní kí bọ́ọ̀sì jáde ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí kùn rẹ̀ kò sì tíì gbẹ, ta ni ó jẹ̀bi? Bí ẹ̀rọ ooru kan ṣoṣo bá wà fún ènìyàn mẹ́fà, ta ni yóò dúró fi ooru ìkẹyìn sí igun méjìlá? Bí sípírítì bá tán ní sítọ́ọ̀ tí wọ́n ní kí a fi pẹtiróòlù nu ọkọ̀, ṣé ọwọ́ wa ni ó gbé epo síbẹ̀?

Ọ̀ràn ọ̀rá fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ni ó pọ̀ jù lọ. Èkínní ni èyí tí wọ́n dà bí omi sórí nǹkan tí ó tẹ́jú, tí ó sì gbẹ di ọ̀rá. Ó fẹ́lẹ́, nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 50, bẹ́ẹ̀ sì ni máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ni ó wà nínú mìlímítà kan. Èyí a máa tẹ̀ lé igun, kì í sì í fà padà púpọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi irin gbígbóná lọ̀ títí tí ó fi tẹ́. Ó nípọn jù, nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 75 sí 100. Fífà ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà yóò fẹ́ súnkì. Ó dára fún ibi tí ó tẹ́jú, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́ bá ra èkejì nítorí pé ó pọ́n díẹ̀, tí wọ́n wá ní kí a fi wé bọ́ńpà, kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ó lè fi ọwọ́ rere sọ ọ́ di èkínní. Ẹni tí ó ra iṣu jíjẹrà kò gbọdọ̀ bú ẹni tí ó gún iyán.

Bí ọkọ̀ bá sì dé gáréèjì, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará wa tí ń fọ ọkọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń tu omi pẹ̀lú agbára. Bí a bá sún ẹnu rẹ̀ mọ́ etí ọ̀rá, omi náà yóò wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wọn pé kí wọ́n jìnnà sí i? Ta ni ó fún wọn ní àkókò, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fọ ogún ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ohun tí a rí ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ń sọ pé afọkọ̀ ni ó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Afọkọ̀ ń sọ pé awakọ̀ ni ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri. Awakọ̀ ń sọ pé láti ilé-iṣẹ́ ni kò ti lẹ̀ dáadáa. Bí àwa mẹ́ta bá ti ń na ìka sí ara wa báyìí, ẹni tí ó ra ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú, tí ó sì gé àkókò iṣẹ́ kù, yóò jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò na ìka sí i.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní abala karùn-ún, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá sọ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ni ó fa àdánù, kò lè dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, owó tí yóò yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Òfin kan náà sọ pé gbogbo owó tí wọ́n bá yọ láàárín oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà, kí ó jẹ́ ìdá kan péré. Nítorí náà, ìwé tí fóomàn kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ pé igun ti ṣí, kí a gé owó lágbájá, kì í ṣe òfin. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó má fọwọ́ sí i. Kí ó mú un wá fún aṣojú ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti ara náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a ń lò lè gbóná ju 500 Celsius lọ. Ó lè bó ara ènìyàn lójú ẹsẹ̀, bí a bá sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí tínà tàbí sípírítì wà, iná ni. Òórùn àwọn kẹ́míkà yìí nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí eruku a máa fa orífífọ́ àti òòyì. Ìwé tí a bó kúrò lẹ́yìn ọ̀rá ń yọ̀ bí ilá lórí símẹ́ńtì. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ pèsè afẹ́fẹ́ tí ó tó àti ohun ìdáàbòbò ara fún òṣìṣẹ́. Kì í ṣe oore ni ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ẹ̀tọ́ ni. Ẹni tí ó bá sì farapa, kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, gẹ́gẹ́ bí Òfin Owó Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ ti 2010 ti wí. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ má ṣe fi aṣọ di ọgbẹ́ kí ẹ sì dákẹ́. Ọgbẹ́ tí kò sí nínú ìwé, wọn yóò ní ilé ni ó ti ṣẹlẹ̀.

A LÉ AKÁTÁ LỌ TÁN, Ó KU ADÌẸ

A ti lé akátá jìnnà, ó yẹ kí a bá adìẹ wí. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n mọ ohun tí ó tọ́ tí wọn kì í ṣe é. Àkókò wà, ẹ̀rọ wà, síbẹ̀ wọn yóò fo ooru ìkẹyìn nítorí pé wọ́n fẹ́ tètè lọ ṣe iṣẹ́ àdáni níta. Àwọn kan ń gé ọ̀rá lórí kùn oníkùn bí ẹni ń gé ẹran lórí pátákó. Àwọn kan ń kó àjákù ọ̀rá jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń sun ún, èéfín rẹ̀ tí ó ní májèlé ń wọ ilé àwọn aládùúgbò àti àyà àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún ọ̀lẹ. Nígbà tí a bá lọ síwájú máníjà láti gbèjà yín, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ẹlẹ́rìí wa. Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, ẹjọ́ bàjẹ́.

A kò gbàgbé àwọn pénítà wa àtijọ́. Ọ̀rá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kọ lẹ́tà sí ara ọkọ̀ láìlo rúlà, ojú rẹ̀ ti mọ igun ju ti ọmọdé lọ. A ń béèrè pé kí wọ́n kọ́ irú wọn ní iṣẹ́ tuntun yìí kí wọ́n tó mú àlejò wá láti ìta.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ìpinnu tí a fẹ́ mú lọ sí ìpàdé ẹ̀ka nìyí, kí olúkúlùkù ronú sí i kí ó tó wá:

Kí gígé owó nítorí igun dópin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ti gé láìtẹ̀lé òfin padà.

Kí ìwé kan máa tẹ̀ lé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ilé-iṣẹ́ dé gáréèjì. Kí a kọ oríṣi ọ̀rá tí wọ́n fún wa sínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kun ọkọ̀, ọjọ́ tí a lẹ ọ̀rá, ẹni tí ó ní kí ọkọ̀ jáde, àti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Bí igun bá ṣí, ìwé yóò sọ̀rọ̀.

Kí ẹ̀rọ ooru, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú tó fún gbogbo àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Kí wọ́n kọ́ àwọn afọkọ̀ àti awakọ̀ ní bí a ti ń tọ́jú ọkọ̀ tí ó ní ọ̀rá lára, kí àkókò ìkọ́ni náà sì jẹ́ àkókò iṣẹ́ tí owó wà fún.

Ẹ̀yin ará, ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pẹ̀lú Michael Imoudu dìde nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọn kò dá nìkan dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ti àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba mìíràn wà pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe kò jọ ti ẹnìkejì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ń ra gàrí. Tiwa náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó lẹ ọ̀rá, ẹni tí ó fọ ọkọ̀ àti ẹni tí ó wà á, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí a bá gbà kí wọ́n gé owó ẹnì kan lónìí nítorí igun, lọ́la wọn yóò gé ti ẹlòmíràn nítorí táyà.

Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹnu náà ni a ó fi sọ ọ́. Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní ìwé gígé owó, kí ó mú un lọ́wọ́ wá. Ẹni tí wọn kò tíì fún, kí ó wá jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!